Èsì fún ẹni tó ń fi pẹtiróòlù fọ róláà ní Ṣómólú

Àbúrò mi, o ní pẹtiróòlù àti tínà lẹ fi ń fọ róláà ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, pé orí ń fọ́ ọ lálaalẹ́. O wá ń bèèrè irú ìbòmú tó yẹ kí o rà, àti bóyá mílíìkì tí ọ̀gá rẹ ń fún yín mu ń pa oró rẹ̀. Kò pa nǹkan kan. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi mu ún.

Fèrèsé kan ṣoṣo ló wà ní ṣọ́ọ̀bù wa. Agolo pẹtiróòlù máa ń wà ní ṣíṣí lẹ́sẹ̀ ẹ̀rọ láti àárọ̀ dalẹ́, ọwọ́ lásán la sì fi ń mú àkísà. Nígbà tó yá, mi ò gbọ́ òórùn rẹ̀ mọ́, mo ní ara mi ti mọ́ ọn. Àárẹ̀ ló kọ́kọ́ dé. Mi ò lè gun àtẹ̀gùn ilé wa tán láìjókòó. Tí mo bá ń run orín, ẹ̀jẹ̀ á bo èrìgì mi. Àmì pupa wẹ́wẹ́ kún ojúgun mi bí ẹni tí ẹ̀fọn jẹ.

Ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ ní ibà ni. Èkejì ní ibà àti tàífọ́ọ̀dù. Wọ́n gún mi lábẹ́rẹ́ títí, ojú abẹ́rẹ́ ń dúdú, ẹ̀jẹ̀ ò tètè dá. Dókítà mẹ́ta, kò sí èyí tó bi mí pé iṣẹ́ wo ni mò ń ṣe! Obìnrin tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò ní láàbù ló bi mí, torí òórùn tínà tó gbọ́ lára aṣọ mi. Sẹ́ẹ̀lì ẹ̀jẹ̀ funfun ti lọ sílẹ̀, èyí tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì náà ti lọ sílẹ̀. Páìnì ẹ̀jẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n fà sí mi lára. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ta ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ nítorí mi.

Kẹ́míkà kan tí wọ́n ń pè ní bẹ́ńsíìnì (benzene), tó wà nínú pẹtiróòlù, ló ń ba mùdùnmúdùn inú egungun jẹ́, níbi tí ara ti ń ṣe ẹ̀jẹ̀. Ó lè di jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀. Ó ń gba awọ ara wọlé pẹ̀lú. Ìdá 1 nínú mílíọ̀nù ìdá afẹ́fẹ́ ni òfin Amẹ́ríkà gbà fún iṣẹ́ wákàtí 8. Kí imú tó gbọ́ òórùn rẹ̀, ó ti kọjá bẹ́ẹ̀.

Má fi ẹnu fa pẹtiróòlù láti inú ọ̀pá o! Bí ẹnìkan bá gbé e mì, ẹ má fún un lépo pupa, ẹ má sì jẹ́ kó bì, torí ó lè gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ. Má fọ aṣọ iṣẹ́ pọ̀ mọ́ ti ọmọ.

Má retí òṣìṣẹ́ ìjọba. Èyí tó wá wo ṣọ́ọ̀bù wa wo ohun ìpaná lára ògiri, ó gba kàlẹ́ńdà mẹ́ta, ó lọ. Òfin Nàìjíríà ti ọdún 2010 ní kí agbanisíṣẹ́ máa dá ìdá 1 nínú 100 owó oṣù gbogbo òṣìṣẹ́ fún irú àìsàn báyìí. Ọ̀gá mi ò san kọ́bọ̀.

Ní ti ìbòmú, ti aṣọ àti ti ilé ìwòsàn ò dí èéfín kẹ́míkà. Ra èyí tí wọ́n kọ organic vapour sí lára fílítà rẹ̀, kí o sì máa pààrọ̀ fílítà náà. Ṣùgbọ́n lọ́la, kí o tó rà á, lọ ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ń pè ní FBC, èyí tó ń ka iye sẹ́ẹ̀lì inú ẹ̀jẹ̀. Sọ iṣẹ́ rẹ fún wọn kí wọ́n tó bi ọ́, kí o sì tọ́jú ìwé èsì náà.