Sítíkà àtijọ́ lára àpótí géèmù onígi

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra àpótí géèmù àlòkù kan fún ṣọ́ọ̀bù mi ní Lágere, Ilé-Ifẹ̀. Sítíkà bo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Mo fi ọ̀bẹ ha á, ó ń já wẹ́lẹwẹ̀lẹ, gọ́ọ̀mù ṣẹ́kù, ọ̀dà sì ti ń ṣí. Wọ́n ní kí n da tínà sí i. Ṣé kí n dà á?

Ìdáhùn: Ẹ má dà á o. Tínà kò mọ èyí tó ń jẹ́ gọ́ọ̀mù, kò mọ èyí tó ń jẹ́ ọ̀dà. Àtèyí àtìyẹn ló máa bó. Ẹ gbé ọ̀bẹ náà jù sílẹ̀.

Ẹ yọ àpótí náà lára iná, kí ẹ wo etí pákó rẹ̀ nísàlẹ̀. Tó bá rí pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ lórí ara wọn, plywood ni. Tó bá dà bí ìyẹ̀fun igi tí wọ́n tẹ̀ pọ̀, MDF ni. MDF kì í fẹ́ omi: tó bá ti mu ún, á wú, kò sì ní padà sípò mọ́.

Gọ́ọ̀mù tó ti pẹ́ máa ń gan, pàápàá láàárọ̀ ọyẹ́, ìyẹn ni sítíkà fi ń já. Ooru ló ń dẹ̀ ẹ́. Ẹ fi dírayà irun fẹ́ igun kan fún bí ìṣẹ́jú kan, kó fi ìbú ọwọ́ kan jìnnà sí pákó, ẹ má sì dúró sójú kan. Tí kò bá sí iná, ẹ kọ ẹ̀gbẹ́ náà sí oòrùn ọ̀sán fún wákàtí kan. Ẹ fi èékánná ṣí igun rẹ̀, ẹ wá ká a padà sẹ́yìn lórí ara rẹ̀, díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá fà á sókè ṣánṣán yóò fa ọ̀dà mọ́ ọn. Tó bá ń kọ̀, ẹ tún fẹ́ ẹ. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ agbára.

Kí pákó tutù tán kí ẹ tó mú kẹrosíìnì, torí iná. Ẹ rọ díẹ̀ nínú rẹ̀ sí àkísà, ẹ kọ́kọ́ dán an wò lẹ́yìn àpótí. Tí ọ̀dà kò bá bá àkísà wá, ẹ fi lé gọ́ọ̀mù fún ìṣẹ́jú 5, kí ẹ fi káàdì ATM tó ti kú ha á. Á máa ká jọ bí èérí lábẹ́ kànrìnkàn. Òróró ìsebẹ̀ náà ń ṣe é, àmọ́ tí ọ̀dà bá ti bó níbì kan, á wọ inú igi, á sì di àbàwọ́n. Bẹntiróòlù? Rárá o.

Ẹ fi àkísà ọlọ́ṣẹ tí ẹ ti fún gbẹ nu epo náà kúrò, ẹ fi èyí tó gbẹ tẹ̀ lé e lójú ẹsẹ̀, kó sì sùn bẹ́ẹ̀ mọ́jú. Bí epo bá kù, kò sí sítíkà tàbí ọ̀dà tuntun tó máa dì í mú. Tó bá jẹ́ ọ̀dà lẹ fẹ́ kùn, sáńpépà kíkúnná, nọ́ńbà 220, ló kàn, ẹ má tẹ̀ ẹ́ jù.

Bí ojú sítíkà bá ṣì hàn bí òjìji, ẹ má ha á mọ́. Kì í ṣe gọ́ọ̀mù: ọ̀dà tó yí i ká ni oòrùn ti pa tó fi ṣá, abẹ́ sítíkà kò ṣá. Àfi kí ẹ kun gbogbo ẹ̀gbẹ́ náà.