Ìtọ̀ tó ń jò lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ prostate kì í ṣe àtọ̀sí

Ìbéèrè: Dókítà, ẹni ọdún 67 ni mí. Kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ abẹ jẹjẹrẹ prostate fún mi, ìtọ̀ mi kì í dà geere, ń ṣe ló máa ń kán tó-tó, mo sì ń jí tó ẹ̀ẹ̀marùn-ún lóru. Ó pé ọ̀sẹ̀ 6 báyìí tí wọ́n ti yọ ọ́, ìtọ̀ wá ń dà sí mi lára bí mo bá wúkọ́ tàbí tí mo bá dìde. Ẹnì kan ní àtọ̀sí ló ṣẹ́ kù lára mi, pé kí n máa mu àgbo, kí n sì dín omi kù. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀?

Ìdáhùn: Bàbá, ẹ kú ìfaradà. Ẹ má mu ún. Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi í gbọ́, kì í ṣe ẹ̀yin ni mo ń bá wí. Àwọn tó ń ta àgbo fún ẹni tí ọgbẹ́ inú rẹ̀ kò tíì jinná tán ni inú ń bí mi sí.

Kòkòrò ló ń fa àtọ̀sí, ibi ìbálòpọ̀ la ti ń kó o. Ó máa ń ta ni tí a bá ń tọ̀, ọyún sì lè máa jáde. Èwo ló jọ tiyín níbẹ̀? Ẹ̀yà ara ọkùnrin ni prostate, abẹ́ àpò ìtọ̀ ló wà, ọ̀nà ìtọ̀ sì gba àárín rẹ̀ kọjá. Ìlẹ̀kùn méjì ló ń dá ìtọ̀ dúró: ọ̀kan lọ́rùn àpò ìtọ̀, ọ̀kan nísàlẹ̀ prostate. Nígbà tí wọ́n gé prostate kúrò, tí wọ́n rán àpò ìtọ̀ mọ́ ọ̀nà ìtọ̀, agbára ìlẹ̀kùn òkè bá a lọ. Ti ìsàlẹ̀ ló kù. Iṣan ni, kò sì tíì mọ iṣẹ́ náà í dá ṣe. Bí ikọ́ bá ti tẹ inú mọ́lẹ̀, ìtọ̀ á já. Àgbo wo ló fẹ́ kọ́ iṣan níṣẹ́?

Ìtọ̀ tó ń kán tó-tó tẹ́lẹ̀ ńkọ́? Ó ṣeé ṣe kó má jẹ́ jẹjẹrẹ ló fà á. Prostate àgbàlagbà sábà máa ń wú láìsí jẹjẹrẹ nínú rẹ̀, á wá fún ọ̀nà ìtọ̀ pa. Ẹ̀gbẹ́ òde ni jẹjẹrẹ sábà ti ń bẹ̀rẹ̀ ní tirẹ̀, níbi tí kò ti ní dí ìtọ̀ lọ́wọ́. Ọkùnrin tó ń tọ̀ geere lè ní in. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọkùnrin dúdú 1 nínú 4 ló ń mú nígbà ayé wọn. Ẹ jọ̀ọ́, kí àwọn ọmọkùnrin yín tó ti pé ọdún 45 lọ bá dókítà sọ̀rọ̀ nípa PSA, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń wá àmì jẹjẹrẹ prostate. Àyẹ̀wò yẹn náà ni yóò sọ bóyá nǹkan kan ṣẹ́ kù lára yín, ìtọ̀ tó ń jò kọ́.

Ní ti omi, bàbá kan wá bá mi, ó ní òun kò ní jókòó. Ó ká aṣọ ìró ìyàwó rẹ̀ sínú ṣòkòtò dúdú, ètè rẹ̀ ti sán, kò mu omi láti àárọ̀. Ìtọ̀ tó tọ̀ sínú ife pọ́n bíi tíì. Irú ìtọ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń ta àpò ìtọ̀ ni, á tún máa lé ni lọ sílé ìtọ̀. Ẹ mu omi yín lọ́sàn-án, kí ẹ dín in kù lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Ẹ jìnnà sí ọtí, pàápàá àgbo tí wọ́n fi ògógóró rẹ.

Iṣẹ́ tó wà níbẹ̀ nìyí: ẹ fún iṣan ìdí pọ̀ bí ẹni tó ń pa ìsó mọ́ra láàárín àwùjọ. Ẹ kà dé 5, ẹ tú u sílẹ̀, ẹ tún kà dé 5. Ẹ ṣe é ní ìgbà 10, lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ẹ má sé èémí, ẹ má fún ikùn. Bí ikọ́ bá ń bọ̀, ẹ tètè fún un pọ̀ kí ẹ tó wú u. Ẹni tí rọ́bà ìtọ̀ ṣì wà lára rẹ̀ kó má ṣe é o. Ọ̀sẹ̀ 6 kò tíì pẹ́. Láàárín oṣù 3 sí ọdún 1 ni ti ọ̀pọ̀ èèyàn ń dúró. Bí ó bá kọjá ọdún kan, iṣẹ́ abẹ mìíràn wà fún un.

Mi ò fojú rí yín, ọ̀rọ̀ dókítà tó ṣe iṣẹ́ abẹ yín ló lékè tèmi. Ṣùgbọ́n bí ìtọ̀ bá há pátápátá, tí ó bẹ̀rẹ̀ sí í tín-ín-rín, tí ẹ rí ẹ̀jẹ̀ dídì, tí ibà mú yín tàbí tí ẹsẹ̀ kan wú, ẹ má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún yín. Ọjọ́ yẹn gan-an ni kí ẹ lọ, kí ẹ sì mú ìwé iṣẹ́ abẹ yín dání.