Cortisol inú ìtọ̀ kì í ṣe òṣùwọ̀n kíndìnrín

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ kú iṣẹ́. Mo ṣe àyẹ̀wò họ́mọ̀nù cortisol nínú ìtọ̀ wákàtí 24, èsì rẹ̀ sì kéré ju bó ṣe yẹ lọ. Wọ́n ní kíndìnrín mi ló ń daṣẹ́ sílẹ̀. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì gbà bẹ́ẹ̀. Àpọ̀jù cortisol là ń fi àyẹ̀wò yìí wá. Òótọ́ kan wà níbẹ̀ ṣá: bí agbára ìsẹ́ kíndìnrín, eGFR, bá ti wálẹ̀ ju 60 lọ, cortisol tó ń bọ́ sínú ìtọ̀ máa ń dín kù, bó tilẹ̀ pé ti inú ẹ̀jẹ̀ pé. Ṣùgbọ́n a kì í ti ibẹ̀ mọ àìsàn kíndìnrín, torí ohun mìíràn pọ̀ tó lè fà á.

Èyí tí mo kọ́kọ́ máa ń fura sí ni ìtọ̀ tí kò pé. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ ní aago 7 àárọ̀, ẹ tọ ti àkọ́kọ́ dànù. Gbogbo ìyókù, tọ̀sán-tòru, inú kẹ́ẹ̀gì ni, títí kan ti aago 7 ọjọ́ kejì. Ìgbà tí èèyàn bá lọ yàgbẹ́ ni ìtọ̀ sábà máa ń bá a lọ. Ẹ bi láàbù léèrè iye creatinine, ìdọ̀tí iṣan ara tí kíndìnrín ń sẹ́ sínú ìtọ̀, tó wà nínú kẹ́ẹ̀gì yẹn. Obìnrin tí kò tíì dàgbà púpọ̀ máa ń tọ nǹkan bíi miligíráàmù 15 sí 20 fún kílò ara kan, ọkùnrin 20 sí 25. Obìnrin 60 kílò tó bá mú miligíráàmù 500 péré wá, ìtọ̀ rẹ̀ kò pé.

Ìpara bíbóra tó ní clobetasol (oògùn sítẹ́rọ́ìdì líle) nínú náà lè mú kí ara dáwọ́ cortisol dúró. Bí ẹ bá ń lò ó, ẹ sọ fún dókítà yín. Ẹ má kàn ṣàdédé jù ú nù, ó léwu.

Fún kíndìnrín fúnra rẹ̀, creatinine inú ẹ̀jẹ̀ ni kí ẹ lọ ṣe, kí wọ́n fi ṣírò eGFR, pẹ̀lú àyẹ̀wò albumin (purotéènì inú ẹ̀jẹ̀) sí creatinine nínú ìtọ̀ àárọ̀. eGFR tó bá wà lábẹ́ 60, tàbí albumin tó tó 30 mg/g sókè, tó sì wà bẹ́ẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, là ń pè ní àìsàn kíndìnrín. Ẹ má ṣe ti albumin nígbà ibà tàbí nǹkan oṣù, tàbí lẹ́yìn iṣẹ́ agbára.