Ìbéèrè Yín: Ṣé ọkọ̀ ojú irin dé Pobè rí?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ìyá mi àgbà ní òun máa ń wọ ọkọ̀ ojú irin láti Pobè wá sí Àjàṣẹ́ (Porto-Novo, ní orílẹ̀-èdè Benin). Àwọn ọmọ ń fi wọ́n rẹ́rìn-ín. Ṣé òótọ́ ni? Kí ló sì dé tí irin náà kò dé Kétu? — Ọmọ Kétu kan

ÌDÁHÙN: Ẹ ní kí àwọn ọmọ lọ dọ̀bálẹ̀ fún màmá. Òótọ́ ni. Àwọn Faransé ló la irin yẹn láti Àjàṣẹ́ gba Sakété, ó sì wọ Pobè ní 1913. Epo pupa àti èkùrọ́ ni wọ́n ń wá, kì í ṣe àwa. Ilẹ̀ ọ̀pẹ ni Sakété àti Pobè. Bí ẹ bá ń lọ sí Kétu, ọ̀pẹ á máa dín kù. Lójú tèmi, ibẹ̀ ni owó ti tán lójú wọn.

Mo wọ̀ ọ́ rí. Orí àpò èkùrọ́ ni ìyá mi gbé mi kà. Garawa epo ẹnìkan ń jò, ó rọra ń kán sí ṣòkòtò funfun mi, màmá sì ń fi ewé nù ún, ó ń bú ẹni tó ni epo lábẹ́lẹ̀. Àbàwọ́n yẹn kò lọ mọ́.

Mo gba ẹ̀bá irin náà kọjá láìpẹ́ yìí. Koríko ti bò ó. Níbi tó ṣì hàn, ìyá kan sá gbàgúdá sí i.