Ẹ Bi Bàbá Páàdì: Ṣé Kí N Kó Tekken 4 Dànù?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹ̀gbọ́n. Ọmọ Ọ̀fà ni mí, Kubwa ni mò ń gbé. Mo ra PS2 tòkunbọ̀ méjì lọ́wọ́ ẹnìkan tó ń kó kúrò ní Abuja, mo sì fi wọ́n ṣí ilé géèmù kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wa. Síìdì tó bá wọn wá kò kéré. Bọ́ọ̀lù ló pọ̀ jù, ṣùgbọ́n géèmù ìjà náà wà: Mortal Kombat wà níbẹ̀, Tekken 5 wà níbẹ̀, Tekken 4 náà sì wà níbẹ̀. Tekken 5 ni àwọn oníbàárà mi ń dù. Bí mo bá ti fi 4 sí i, ariwo ni: "Kai, mallam, yọ ọ́ jàre!" Ẹnìkan tiẹ̀ sọ fún mi pé àwọn tó ṣe é gan-an ń tijú rẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi fúnra mi gbá a lálẹ́ ọjọ́ kan tí kò sí èrò, ó sì dà bíi pé nǹkan kan wà nínú rẹ̀ tí n kò mọ bí mo ṣe lè ṣàlàyé. Ṣé kí n kó o dànù ni, àbí kí n tún fún un láyè? (Ọmọ Ọ̀fà, Kubwa)

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, má kó o dànù. Má sì retí pé yóò bá ọ san owó epo jẹnẹrétọ̀.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ ìdí tí wọ́n fi ń pariwo. Ọ̀pọ̀ nínú wa, Tekken 3 la fi mọ ìjà orí tẹlifíṣọ̀n. Ọdún 1998 ni Namco, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe Tekken, gbé ìyẹn dé orí PlayStation àkọ́kọ́. Nígbà tó di 2000, Tekken Tag Tournament bá PS2 jáde. Nínú gbogbo àwọn yẹn, pápá ìjà kò lópin. O lè máa fẹ̀yìn rìn títí ilẹ̀ ọ̀la yóò fi mọ́, o ò ní kan nǹkan kan. Orí ilẹ̀ yẹn ni àwọn ọmọ géèmù ti kọ́ gbogbo ọgbọ́n wọn: fà sẹ́yìn kíá, jẹ́ kí ẹnì kejì fẹ̀ṣẹ́ lu afẹ́fẹ́, kí o wá gbé e sókè, kí o máa lù ú lójú òfuurufú títí ẹ̀mí rẹ̀ yóò fi kù díẹ̀.

Tekken 4 wá dé, 2001 fún ẹ̀rọ ìta tí wọ́n ń sọ owó sí, 2002 fún PS2, ó sì mọ ògiri yí gbogbo wọn ká. Ẹni tó mọ̀ ọ́n fà sẹ́yìn fẹ̀yìn gbá ògiri. Bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ tí wọ́n dúró lé gan-an kò tẹ́jú: ó ga níbí, ó rẹlẹ̀ lọ́hùn-ún. Kọ́ńbò, ìyẹn ẹ̀ṣẹ́ tó ń tẹ̀léra wọn láìdáwọ́ dúró, tí ẹnìkan ti fi oṣù gbáko há sórí, bí ilẹ̀ bá ti dagun díẹ̀, ẹ̀ṣẹ́ kẹta á kọjá lórí ẹni tó yẹ kó bà. Wọ́n tún fún àwọn oníjà ní ọ̀nà láti di ara wọn mú, kí wọ́n sì ti ara wọn sí ibòmíràn, kí ẹni tó há mọ́ ògiri lè di ẹni tó ń há ẹlòmíràn mọ́ ọn. Fún ẹni tó ti mọ Tekken Tag bí ẹní mowó, ìyà ni gbogbo èyí. Wọ́n gba ọgbọ́n tó ti kọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọn ò sì bi í.

Jin Kazama, ọ̀kan nínú àwọn oníjà inú rẹ̀, tún wá dá kún un. Mo máa dá ẹnìkan lóhùn lórí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ nísàlẹ̀.

Nígbà tí Tekken 5 wá dé orí PS2 ní 2005, wọ́n ti tẹ́ ilẹ̀ padà, wọ́n ti yọ dídi-ara-ẹni-mú àti títi-ara-ẹni yẹn kúrò, àwọn pápá kan sì tún padà di aláìlópin. Ọkàn èèyàn balẹ̀. Wọ́n tilẹ̀ fi Tekken 1, 2 àti 3 ti ẹ̀rọ ìta sínú síìdì Tekken 5 yẹn bí ẹ̀bùn. Ìwọ náà wò ó: 1, 2, 3, kò sí 4. Òótọ́ ni pé géèmù PS2 ni 4 fúnra rẹ̀, kì í ṣe ohun tí èèyàn ń ká mọ́ inú òmíràn, ṣùgbọ́n ẹni tó ń wá ohun tí yóò fi bú u ti rí i. Ibẹ̀ ni mo rò pé oníbàárà rẹ ti mú ọ̀rọ̀ ìtìjú yẹn.

Èmi kò ní bá a gbà á. Ohun tí èèyàn bá ń tijú rẹ̀, kì í kó o dání lọ sílé tuntun. Ògiri tí wọ́n pariwo lé lórí yẹn, ó wà ní Tekken 5, ó wà ní 6, ó wà ní 7, ó sì wà ní Tekken 8 tó jáde ní oṣù kìíní 2024. Lónìí, ẹni tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń gbé èèyàn lọ kan ògiri, kò tíì mọ Tekken. Ọ̀nà tí Jin gbà ń jà lónìí, inú 4 ló ti bẹ̀rẹ̀: ibẹ̀ ló ti kọ ẹ̀kọ́ ìjà ìdílé Mishima sílẹ̀ nítorí ìkórìíra, tó sì gbé kàrátè mìíràn wọ̀. Steve Fox, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó ń kan ẹ̀ṣẹ́, inú 4 ló ti kọ́kọ́ yọjú. Craig Marduk, fìrìgbọ̀n ará Ọsirélíà yẹn, àti Christie Monteiro, ọmọ Bùràsílì tó ń fijó jà, inú 4 kan náà. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Àwọn oníbàárà rẹ ń lo ọṣẹ náà lójoojúmọ́, ewé ni wọn ò fẹ́ rí.

Ní ti "nǹkan kan" tí o ní ò ń rí tí o ò lè ṣàlàyé, jẹ́ kí n sọ ti ọmọ Kebbi kan fún ọ. Nígbà tí mo ní ilé géèmù ní Nyanya, ó máa ń sun súyà níta wa lálẹ́. Kò gbá géèmù rí. Lálẹ́ ọjọ́ kan tí òjò lé àwọn oníbàárà rẹ̀ lọ, ó wọlé, ó jókòó, 4 ló sì wà lórí tẹlifíṣọ̀n. Àwọn ọmọ tó mọ géèmù dáadáa ń fà sẹ́yìn, wọ́n ń kan ògiri, wọ́n ń bínú. Òun kò fà sẹ́yìn. Ó ń yí ká ẹni tó ń bá jà, díẹ̀díẹ̀, títí tí ẹ̀yìn ẹni yẹn á fi kọjú sí ògiri, lẹ́yìn náà ni yóò tó wọlé tọ̀ ọ́. Ó ti wo dambe, ìjà ẹ̀ṣẹ́ àwọn Hausa, láti kékeré. Nínú dambe, àwọn òǹwòran ló ṣe ògiri: wọ́n pagbo, ẹni tó bá fẹ̀yìn wọ inú wọn, wọ́n á tì í padà sójú ìjà. Ọwọ́ kan tí wọ́n fi okùn dì ni wọ́n fi ń lù, èkejì ni wọ́n fi ń gbà á. Ibi tí ẹsẹ̀ rẹ wà ṣe pàtàkì ju iye ẹ̀ṣẹ́ tí o jù lọ. Bí Tekken 4 ṣe rí gan-an nìyẹn, ohun tí ọ̀gbẹ́ni súyà sì rí láàárín ìṣẹ́jú mélòó kan nìyẹn, torí pé kò ní Tekken Tag lórí tó fẹ́ fi wọ̀n ọ́n.

Nítorí náà, bí o bá fẹ́ fún un láyè, má fi Tekken 5 wọ̀n ọ́n. Gbàgbé kọ́ńbò gígùn. Mú Steve. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í gbáni: bọ́tìnnì méjì tó yẹ kó jẹ́ ìpá, ìyẹn X àti èyí tó rí róbótó, yíyẹ̀ ni ó fi ń yẹ̀, tó fi ń tẹ orí ba kúrò lọ́nà ẹ̀ṣẹ́. Ẹ̀ṣẹ́ òsì àti ẹ̀ṣẹ́ ọ̀tún ló kù ọ́ kù. Àìní ìpá yìí á fipá mú ọ ro ibi tí o dúró sí. Lọ sí ibi ìgbọ́kọ̀sí, níbi tí ọkọ̀ àti òpó ti fún yín mọ́ra, kí ìwọ àti ẹnìkan tó mọ̀ ọ́ dáadáa jọ gbá a, ẹni tó máa rẹ́rìn-ín nígbà tó bá jìyà. Lo àmì àgbélébùú tó wà lápá òsì páàdì. Páàdì tòkunbọ̀ tí àmì yẹn ti rọ̀ kò ní jẹ́ kí o rí ohunkóhun nínú géèmù yìí, torí ìgbésẹ̀ kékeré sí òkè tàbí sí ìsàlẹ̀ ló ń gbani là níbẹ̀.

Ra mẹ́mórì káàdì, MB 8, kò wọ́n. Bí o bá ń parí ìtàn àwọn oníjà lọ́kọ̀ọ̀kan, àwọn mìíràn á máa ṣí. Oníjà kan, Lee Chaolan, wà níbẹ̀ tó fi orúkọ Violet para mọ́. Láìsí káàdì, ìgbàkigbà tí NEPA bá mú iná lọ, gbogbo rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Má fo ìtàn wọn. Àwòrán tí wọ́n fọwọ́ yà ni wọ́n fi sọ ọ́, oníjà kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀. Bí Kazuya, bàbá Jin, ṣe padà wá lẹ́yìn 20 ọdún tí bàbá tó bí i ti jù ú sínú òkè oníná, n kò rò pé Tekken kankan sọ ìtàn ẹbí yẹn dáa tó 4.

Owó ńkọ́? Má fi í sórí ìlà "ẹni tó bá fìdí rẹmi ló máa sanwó." Ìlà yẹn fẹ́ ohun tí gbogbo èèyàn ti mọ̀, fi í sílẹ̀ fún bọ́ọ̀lù àti Tekken 5. Fi 4 sórí PS2 kejì ní ọ̀sán, nígbà tí èrò kò sí, kí o ta á ní wákàtí fún ọ̀rẹ́ méjì. Bí wọn ò bá rà á, kò gba àyè kankan nínú àpótí rẹ.

ÌBÉÈRÈ: Bàbá Páàdì, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tí wọ́n bí sí Jos ni mí. Èmi àti àwọn ọ̀rẹ́ mi ń gbá Tekken 4 lórí laptop, PCSX2, ètò tó ń ṣí géèmù PS2 lórí kọ̀ǹpútà, la fi ń ṣí i. Àmọ́ ẹnìkan wà láàárín wa tó jẹ́ pé Jin ló ń mú láti àárọ̀ dalẹ́. Kò sẹ́ni tó lè nà án. Ṣé géèmù náà ló bàjẹ́ ni àbí àwa la ò mọ̀ ọ́n? (Ọmọ Jos)

ÌDÁHÙN: Ẹ̀bi géèmù ni, kì í ṣe tiyín. Jin inú 4 le ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ẹni tó bá sì ní irọ́ ni, ẹ ní kó mú ẹlòmíràn ká wò ó. Ó ní ẹ̀ṣẹ́ mẹ́ta kan tó ń tẹ̀léra wọn. Bí ọwọ́ bá tẹ bọ́tìnnì ní àkókò tó yẹ gẹ́lẹ́, ó ń yára, ó sì ń dunni kọjá bó ṣe yẹ. Wọ́n dín agbára yìí kù nínú Tekken 5. Nínú 4, kò sí ẹni tí yóò bá yín dín in kù. Ìyẹn ni àbùkù tí n kò lè gbèjà.

Òfin ilé ló kù: ẹni tó bá fi Jin borí kò gbọ́dọ̀ mú un lẹ́ẹ̀kejì títí ẹlòmíràn yóò fi nà án. Ó máa bínú. Ẹ jẹ́ kó bínú.

Ní ti laptop, bí géèmù bá ń falẹ̀, ẹ lọ síbi ètò àwòrán PCSX2, kí ẹ dá resolution, ìyẹn bí àwòrán ṣe mọ́ tó, padà sí native, bó ṣe wà lórí PS2 gan-an. Yóò rí gátagàta díẹ̀, ṣùgbọ́n ìjà á yára bó ṣe yẹ. Lórí ẹ̀rọ tó ń falẹ̀, ẹni tó há Jin sórí nìkan ló ń jèrè.

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú ìkàlẹ̀ sà. Kaduna ni mo ti ń kọ̀wé. Àwọn ìbejì mi pé ọdún mẹ́wàá, wọ́n rí Tekken 4 nínú ẹrù àbúrò mi, wọ́n sì ní àwọn fẹ́ gbá a. Bàbá wọn ní ìjà ni yóò kọ́ wọn. Kí lẹ rí sí i? (Ìyá Ìbejì)

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ọmọ o, Màmá. Ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń wo ọjọ́ orí tó bá géèmù mu kọ T sí i lára, ìyẹn ọmọ ọdún 13 sókè. Kò sí ẹ̀jẹ̀ tó ń tú jáde nínú rẹ̀ bíi ti Mortal Kombat. Bí síìdì Mortal Kombat bá wà nínú ẹrù àbúrò yín, òun ni kí ẹ gbé pamọ́. Àwọn obìnrin kan nínú Tekken ń wọ aṣọ tí ẹ̀yin lè má fẹ́. Ìyẹn ẹ̀yin lẹ máa pinnu.

Bí ẹ bá gbà fún wọn, ẹ má jẹ́ kí wọ́n dá gbá a. Kí Táíwò mú béárì tó ń jẹ́ Kuma, kí Kẹ́hìndé mú ẹni tó bá wù ú, kí àgbàlagbà kan sì jókòó tì wọ́n. Bàbá wọn ló yẹ jù. Ẹ fún un ní Paul Phoenix, ẹ fi hàn án bí wọ́n ṣe ń yí ìka láti ìsàlẹ̀ lọ síwájú, kí wọ́n tó tẹ bọ́tìnnì onígun mẹ́ta. Ẹ̀ṣẹ́ kan ṣoṣo ni, ó sì ń gbé nǹkan lọ. Ó bá ọwọ́ àgbà mu, kò gba eré sísá.