Mo Rí Ajá Mi Tó Sọnù, Àmọ́ Ó Tún Sá fún Mi

Ìbéèrè: Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, àrá sán lálẹ́ ijẹ́ta, ajá mi já okùn, ó gba ẹnu géètì jáde. Lánàá mo rí i lókèèrè. Mo pariwo orúkọ rẹ̀, mo sáré lọ bá a. Ó wò mí, ó sì ki eré mọ́lẹ̀. Ṣé ó ti gbàgbé mi ni?

Ìdáhùn: Kò gbàgbé yín o, ẹ̀rù ló ń bà á. Ajá tí àyà rẹ̀ ti já kì í wo ojú ẹni tó ń bọ̀. Ohun tó mọ̀ ni pé nǹkan kan ń sáré bọ̀ wá bá òun. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣàṣìṣe. Wọ́n á kó ọmọ àdúgbò jọ, wọ́n á máa súfèé, wọ́n á máa lé e, títí ajá tó sá pamọ́ sítòsí á fi kọjá títì.

Tí ẹ bá tún rí i, ẹ dúró. Ẹ jókòó sílẹ̀, ẹ kọ ẹ̀gbẹ́ sí i, ẹ má tẹjú mọ́ ọn. Ẹ máa ju ẹran tó ń ta sánsán sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹ ṣe ń bá a sọ ọ́ nílé. Ó lè tó wákàtí kan kó tó sún mọ́ yín. Ẹ má nawọ́ mú un títí yóò fi gbóòórùn yín tẹ́rùn.

Ìdájí àti ìrọ̀lẹ́ ni kí ẹ máa wá a. Ẹ wo abẹ́ ọkọ̀, inú gọ́tà àti ẹ̀yìnkùlé àwọn aládùúgbò kí ẹ tó lọ jìnnà. Ẹ gbé aṣọ tí ẹ wọ̀ tí ẹ ò tíì fọ̀ síbi tó ti jáde.

Ẹ lẹ fọ́tò rẹ̀ káàkiri, ẹ kọ “Ẹ má lé e, ẹ pè mí” sí i gàdàgbà. Àmọ́ ẹ fi àmì ara rẹ̀ kan pamọ́. Ẹni tó bá ń béèrè owó kí ẹ tó fojú kan ajá, ẹ ní kó sọ àmì náà.

Bó bá ní máíkíróṣíìpù lábẹ́ awọ, ìyẹn ẹ̀rọ tíńtín tó ní nọ́ńbà ìdánimọ̀ ajá, ẹ rí i pé nọ́ńbà fóònù yín tí wọ́n kọ sílẹ̀ mọ́ ọn ṣì ń lọ. Ṣíìpù yẹn kò lè fi ibi tó wà hàn yín o. Àfi kí ẹni tó rí i gbé e dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ní ẹ̀rọ tó ń kà á.

Tó bá délé, omi àti oúnjẹ díẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ fún un. Ẹ yẹ ara rẹ̀ wò fún eégbọn. Tí ẹ bá rí ojú eyín ẹranko lára rẹ̀, ẹ gbé e lọ sọ́dọ̀ dókítà ẹranko lọ́jọ́ náà gan-an, kódà bó bá ti gba abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi tẹ́lẹ̀.