Ìdí tí CD tí ẹ bọ́ọ̀nù nílé kò fi dún nínú ọkọ̀

Ẹ béèrè ohun tó fà á tí CD ìwàásù tí ẹ bọ́ọ̀nù (ìyẹn ni pé ẹ kọ ohùn sínú rẹ̀) lórí kọ̀ǹpútà ilé fi ń ṣí dáadáa lórí kọ̀ǹpútà náà, ṣùgbọ́n tí rédíò ọkọ̀ bàbá yín ń sọ pé òun kò rí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ẹ má tíì dá ẹni tó ta CD fún yín lẹ́bi. Iṣẹ́ tí mo ti ń ṣe jẹun fún ọ̀pọ̀ ọdún nìyí: mo ń gba ohùn ìwàásù sílẹ̀ fún ìjọ, mo sì ń ṣe fídíò ìgbéyàwó àti ti ìsìnkú. Àwọn àgbà inú oníbàárà mi kò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ fáìlì orí fóònù rárá. Ohun tí wọ́n lè tì bọ inú ẹ̀rọ kí ó máa sọ̀rọ̀ ni wọ́n ń fẹ́. CD tí wọ́n bá dá padà fún mi pé kò dún, mo máa ń yẹ̀ ẹ́ wò fínnífínní, ohun tí mo sì ń bá nídìí rẹ̀ kì í sábà yàtọ̀.

Bí ẹ bá ti CD òfìfo bọ inú kọ̀ǹpútà tó ń lo Windows, àpótí kékeré kan máa ń yọ sójú, yóò béèrè orúkọ tí ẹ fẹ́ sọ CD náà, lẹ́yìn náà ni yóò béèrè bí ẹ ṣe fẹ́ lò ó. Ìdáhùn méjì ló wà níbẹ̀, ẹni tó bá ń kánjú a sì tẹ èyí tí wọ́n kọ “Like a USB flash drive” sí, nítorí pé òun ló wà lókè. Ìyẹn ń jẹ́ kí èèyàn máa kó fáìlì sí i díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí ó ń gbà kọ ọ́ sílẹ̀ kò yé ọ̀pọ̀ rédíò ọkọ̀ àti ẹ̀rọ DVD inú pálọ̀. Èkejì, “With a CD/DVD player”, ni kí ẹ yàn. Bí ẹ bá yan èyí, fáìlì tí ẹ kó síbẹ̀ kò ní wọ inú CD lójú ẹsẹ̀. Inú fódà kan lórí kọ̀ǹpútà ni yóò ti máa dúró títí ẹ ó fi tẹ “Burn to disc”. Mo mọ ẹni tí ó rí orúkọ fáìlì lójú kọ̀ǹpútà, tí ó rò pé iṣẹ́ ti parí, tí ó sì fi CD òfìfo pín fún àlejò. Bí iyè méjì bá mú yín, ẹ yí CD náà dojú kọ ìmọ́lẹ̀ kí ẹ wo abẹ́ rẹ̀: láti àárín ni ó ti máa ń kọ lọ sí etí, ibi tí ó ti kọ nǹkan sí a sì yàtọ̀ ní àwọ̀ sí ibi tí kò tíì dé.

Rédíò mìíràn sì wà tí kò mọ MP3, irú fáìlì ohùn tí wọ́n fún pọ̀ kí ó lè kéré, bí ẹ tilẹ̀ yan ìdáhùn tó tọ́. Audio CD, ìyẹn irú CD orin tí wọ́n ń tà ní ọjà, ni irú rẹ̀ ń gbọ́, Windows Media Player sì lè bá yín ṣe é. Níbẹ̀, a kì í wo bí fáìlì ṣe tóbi tó. Ìṣẹ́jú ni a ń kà, CD tí wọ́n kọ 700 MB sí kò sì gbà ju ìṣẹ́jú 80 lọ. Ìwàásù wákàtí méjì tí kò ju 120 MB lọ ní MP3 yóò gba CD méjì. Ti DVD náà ní tirẹ̀: 4.7 GB ni wọ́n kọ sára páálí, ṣùgbọ́n nǹkan bíi 4.38 ni Windows yóò kà, nítorí pé ẹgbẹ̀rún ni ilé iṣẹ́ fi ń ka tirẹ̀, 1,024 sì ni kọ̀ǹpútà ń lò. Kò sí ẹni tó rẹ́ yín jẹ.

Ohun tó ná mi lówó jù ni iná. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì kò ní bátìrì, CD-R, ìyẹn CD tí a lè kọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, tí iná bá sì lọ mọ́ lórí kò ṣeé tún kọ. Ẹ jù ú nù. Lálẹ́ ọjọ́ tí ó ṣáájú ìsìnkú kan ni iná ń lọ tí ó ń bọ̀, títí DVD tí mo rà fún iṣẹ́ náà fi tán nílẹ̀, tí gbogbo ṣọ́ọ̀bù sì ti tì. Láti ìgbà náà, bí kò bá sí UPS (ẹ̀rọ bátìrì tó ń gbé kọ̀ǹpútà ró bí iná bá lọ) tó lágbára lábẹ́ tábìlì, n kò ní tẹ “Burn”, ẹni yòówù kí ó máa kánjú. Ní ti ìyára, 16x ni mo ń lò fún CD, 8x fún DVD, bí wọ́n tilẹ̀ kọ 52x sára páálí. Kò pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, CD tí wọ́n ń dá padà sì ti dín kù gan-an. ImgBurn, ètò kọ̀ǹpútà fún bọ́ọ̀nù CD tí a kì í sanwó fún, máa ń ka ohun tí ó kọ padà láti yẹ̀ ẹ́ wò. Ẹ jẹ́ kí ó parí rẹ̀ kí ẹ tó pa fáìlì rẹ́ lórí kọ̀ǹpútà.

Ẹ má ṣe fi bírò kọ orúkọ sórí CD. Abẹ́ ojú òkè yẹn gan-an ni ohun tí a kọ wà, ó sì fẹ́lẹ́. Máákà tí ẹnu rẹ̀ rọ̀ ni kí ẹ lò.

Kí ẹ tó wá bọ́ọ̀nù òmíràn, ẹ lọ wo iwájú rédíò ọkọ̀ bàbá yín. Bí wọ́n bá kọ MP3 síbẹ̀, ẹ yan ìdáhùn kejì tí mo sọ, kí ẹ kó fáìlì náà sí i bó ṣe wà. Bí kò bá sí níbẹ̀, audio CD ni kí ẹ ṣe. CD-R ni kí ẹ rà, kì í ṣe CD-RW tí a lè pa rẹ́ kí a sì tún kọ, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ tí CD-RW ń dá padà kéré, rédíò àtijọ́ kì í sì sábà rí i kà.